Ládàánì tí Ẹja Àrọ̀ Bá Pe Ìrun

Bí ẹ bá wọ agboolé wa ní Ẹdẹ tí ẹ béèrè Sàídì, wọn óò bi yín pé Sàídì wo: Sàídì télọ̀ ni, Sàídì ládàánì ni, tàbí Sàídì oníwọ̀? Ẹ má dààmú, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Láàárọ̀ á jókòó sídìí máṣíìnì, á máa rán ṣòkòtò. Bí àkókò ìrun bá tó, á bọ́ sídìí màíkì mọ́ṣáláṣí agboolé, á pe ìrun. Bí ẹ kò bá bá a níbi méjèèjì, ẹ wọ ọ̀kadà, ẹ gba ọ̀nà Alájùé lọ, ẹ óò bá a létí odò Ọ̀ṣun pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀, Mubarakah, máa ń sọ pé nínú iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí ọkọ òun ń fi gbogbo ọkàn ṣe ni ti odò. Ó ní ṣòkòtò tí Sàídì bá rán lè tú nídìí. Ìrun tí ó fẹ́ pè lè pẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ tí Sàídì bá so mọ́ okùn, ẹ mú màlúù wá kí ó fà á, kò ní tú.

Ilé tèmi àti tirẹ̀ kọjú síra, sàfù kan náà ni a sì ń tò sí nínú ìrun. Èyí tí ojú mi tó nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo rí i. Èyí tí ojú mi kò tó, ẹni tí ó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ẹni náà kì í sì í purọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í kírun.

Kì í ṣe gbogbo ìwọ̀ ni Sàídì ń rà. Bó bá dé ọjà, á máa fi àtàǹpàkò yẹ ẹnu ìwọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń yan ìyàwó fọ́mọ. Ẹja ẹpìyà, ó ní ẹnu rẹ̀ kéré, ó sì máa ń ṣe fáàrí, ìwọ̀ tín-ín-rín ni tirẹ̀. Ẹja àrọ̀ kò ní fáàrí kankan, ohun tó bá rí ló ń gbé mì, ìwọ̀ tó nípọn, tó sì la ẹnu dáadáa ló yẹ ẹ́. Kì í ra òjé tí ń mú okùn rì sísàlẹ̀ omi. Púlọ́ọ̀gì ọ̀kadà tó ti kú ló ń gbà lọ́wọ́ mẹkáníìkì, á so ó mọ́ okùn. Ohun tó máa ń léfòó lójú omi, tí yóò mì bí ẹja bá ti fẹnu kan ìdẹ, sílípáàsì ló ń gé fún un. Lọ́jọ́ kan, Mubarakah ti mọ́ṣáláṣí jáde, ó rí ẹsẹ̀ kan sílípáàsì rẹ̀, kò rí èkejì. Gbogbo wa bá a wá a. A bínú, a ṣépè fún olè tó ń jí bàtà níwájú ilé Ọlọ́hun. Ládàánì wa náà ṣe àmín, bẹ́ẹ̀ ni sílípáàsì ọ̀hún wà nínú àpò rẹ̀, ní gígé wẹ́wẹ́.

Ọmọ wọn Ibtisam, tó lọ kàwé ní ìlú òyìnbó, tó sì ń wáṣẹ́ níbẹ̀, ló fi ọ̀pá ìwọ̀ kan ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Ọ̀pá náà ṣeé ká kúrú, ó ṣeé fà gùn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nídìí rẹ̀ tó ń ká okùn, aago kan sì wà tí wọ́n ń so mọ́ ọn, tó máa ń ké bí ẹja bá fa okùn. Ibtisam ṣàlàyé lórí fóònù pé ẹja kan tí wọ́n ń pè ní káàpù ni àwọn òyìnbó fi ń pa. Wọn á pa á, wọn á gbé e ya fọ́tò, wọn á sì tún dá a padà sínú omi. Sàídì béèrè ìdí tí wọ́n fi ń dá a padà. Ibtisam ní wọn kì í jẹ ẹ́. Alhaja Àwáwù, ìyá àgbà tó ń wẹ òkú obìnrin ní agboolé wa, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kò ya òun lẹ́nu, pé ẹni tí kò mọ ọbẹ̀ ata sè, kí ló kù tó máa fi ẹja ṣe ju kó bá a ya fọ́tò lọ.

Ìdẹ àwọn òyìnbó náà wà nínú ẹrù ọ̀hún, nínú ìgò ike kan. Róbótó róbótó ni, ó pupa, òórùn rẹ̀ sì dà bíi súìtì. Kí Sàídì tó ti ṣọ́ọ̀bù dé, Lèmọ́mù wa, Àlùfáà Abdulmujeeb, yà sílé wọn láti kí wọn kú oríire ẹrù. Mubarakah gbé omi tútù síwájú rẹ̀, ó sì bu súìtì òyìnbó sínú àwo. Lèmọ́mù jẹ ọ̀kan. Ó jẹ èkejì. Ó ní adùn rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó lágbára lára. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ṣàdúà gígùn fún Ibtisam, kí Ọlọ́hun ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ fún un, kó má jẹ́ kí ọwọ́ tó fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ gbẹ láé. Orí àmín ni Sàídì wọlé, ó rí ìgò náà ní ṣíṣí, ó rí ẹnu Lèmọ́mù tó ń lọ tó ń bọ̀, ó sì rọra dé ìgò náà. Títí di òní, Lèmọ́mù kò mọ ohun tó jẹ, àyàfi tó bá ka ibí yìí.

Ibtisam ríṣẹ́ nínú oṣù yẹn gan-an. Mo máa ń rò ó nígbà mìíràn tí mo bá nìkan jókòó: àdúà tí a fi ìdẹ ẹja lẹ́nu ṣe, ó sì gbà. Èyí tí èmi ń fi ẹnu mímọ́ ṣe láti ọdún yìí wá ńkọ́? N kò bi ẹnikẹ́ni. Irú ìbéèrè yẹn kì í ṣe ohun tí à ń bi ènìyàn nínú sàfù.

Ẹja Ọ̀ṣun kò wo ojú ìdẹ òyìnbó. Sàídì jù ú sómi títí ó fi sú u, ó ní wọn kò gbọ́ èdè náà. Ó mú ọ̀pá, ó mú aago, ó dá ìdẹ nù, ó sì padà sí ohun tó mọ̀. Àṣírí rẹ̀ ni èkùrọ́. Á ju èkùrọ́ sẹ́nu, á rún un títí á fi kúnná, á tu díẹ̀ sójú omi kí òórùn rẹ̀ lọ pe ẹja wá, á sì fi ìyókù po ẹ̀kọ tútù àti irú, á mọ ọ́n mọ́ ìwọ̀. Ó ní kì í ṣe èkùrọ́ nìkan ló ń pè wọ́n, itọ́ òun wà níbẹ̀, àwọn ẹja ibẹ̀ sì ti mọ itọ́ òun bí ajá ṣe ń mọ olówó rẹ̀.

Ibi tó ti ń pẹja yìí, ẹ̀yìn oko bàbá kan tó ń jẹ́ Ọ̀ṣuntọ́lá ni, olórìṣà, arúgbó tó ń gbin iṣu àti ẹ̀gẹ́. Àpáta ńlá kan wà nínú odò níbẹ̀. Ọ̀ṣuntọ́lá ti sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé apá òkè àpáta náà, níbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, ti Yèyé Ọ̀ṣun ni, ẹnikẹ́ni kì í ju ìwọ̀ síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ti gbogbo ayé. Sàídì dá a lóhùn pé Mùsùlùmí ni òun, òun kò ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ rí pé ó ju ìwọ̀ rẹ̀ sókè àpáta.

Nísàlẹ̀ àpáta náà ni ẹja àrọ̀ kan wà tí wọ́n jọ ń bára wọn jà. Ó ti já okùn mọ́ Sàídì lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀ṣuntọ́lá ní òun ti rí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú omi nígbà kan, òun sì kọ́kọ́ rò pé igi ló ń bọ̀. Nítorí ẹja yìí ni Sàídì ṣe máa ń pẹ́ létí odò, nítorí pípẹ́ rẹ̀ ni wàhálà sì ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí oṣù Ràmàdáánì dé, a jókòó de ìpè ìrun alaasari títí, a kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí Sàídì sáré dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, irú sì ń rùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ṣẹlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ náà. Lèmọ́mù kò pariwo. Kò dàgbà tó Sàídì, kò sì fẹ́ rí i fín. Ó kàn sọ níwájú gbogbo jàmáà pé bí ó bá tún pẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré nínú ààwẹ̀, Najeem ni yóò gba màíkì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Najeem jẹ́. Òun ló ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ àti sípíkà mọ́ṣáláṣí, ọ̀dọ́mọkùnrin dáadáa ni, ó ń tún fóònù ṣe. Ó wù ú láti pe ìrun ju ohunkóhun lọ láyé. Ìṣòro ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀. Ewúrẹ́ tí òjò ká mọ́ta ló jọ. Ní ọjọ́ kan tí ara Sàídì kò yá, Najeem pe ìrun àsùbáà, ẹni tó sùn kò jí, ẹni tó ti jí ní òun rò pé wọ́n ń pa nǹkan.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń dun Sàídì. Bàbá rẹ̀ ni ládàánì kí ó tó kan òun, bàbá náà kò sì lo màíkì rí. Ó máa ń gun òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, á fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ohùn rẹ̀ á sì dé òpin agboolé. Nígbà tó fẹ́ kú, ó ní kí wọ́n má fún Sàídì ní ilẹ̀ kankan, kí àwọn àbúrò rẹ̀ pín ilẹ̀. Kí wọ́n fún Sàídì ní ìpè. Ohun tó jogún nìyẹn, kò jogún nǹkan mìíràn. Sàídì sọ fún mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí Lèmọ́mù kìlọ̀ fún un, ó ní bí wọ́n bá gba màíkì lọ́wọ́ òun, kí ni òun óò sọ fún bàbá òun lọ́run?

Mo ní kí ó fi odò sílẹ̀ títí ààwẹ̀ óò fi parí. Ó ní ilé òun ló kàn láti gbé oúnjẹ ìṣínu wá sí mọ́ṣáláṣí láìpẹ́, òun sì ti ṣèlérí ẹja. Mo ní kí ó ra ẹja títù lọ́jà. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lọ ra ọmọ.

Èyí tó tún wá burú ni pé ààwẹ̀ ti dé, kò sì ṣeé ṣe láti máa rún èkùrọ́. Sàídì tọ Lèmọ́mù lọ lẹ́yìn ìrun, èmi náà ń wọ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Àlùfáà, ẹni tó bá rún èkùrọ́ lẹ́nu, tí kò gbé e mì, tó tu ú dànù, ṣé ààwẹ̀ rẹ̀ ṣì wà?"

"Kí ló ń rún èkùrọ́ fún bí kò bá fẹ́ gbé e mì?"

"Ẹja ló fẹ́ fún."

Lèmọ́mù mí kanlẹ̀. "Bàbá Ibtisam, ẹ gba ààwẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí ẹja náà gba tiẹ̀."

Ọ̀ṣuntọ́lá, tí ààwẹ̀ kò kàn, ní òun óò bá a rún èkùrọ́ náà. Ṣùgbọ́n eyín bàbá kò pé mọ́, nígbà tó sì máa rún un tán, ìdajì rẹ̀ ti gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. Wọ́n tu ìyókù sómi. Ẹja kankan kò yọjú. Sàídì ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀, pé itọ́ olórìṣà ni, àwọn ẹja náà kò mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan tó ń ta ẹja gbígbẹ, tó ti apá Òkè Ọya wá, ló kọ́ ọ ní ọṣẹ. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n ń gé mọ́ ìwọ̀ fún ẹja àrọ̀, ẹja a sì máa gbé e mì bí ẹni gbé òkèlè. Sàídì kọ́kọ́ lo ọṣẹ dúdú, ó yòrò kó tó dé ìsàlẹ̀. Ó wá rántí pé Alhaja Àwáwù máa ń ní àṣẹ́kù ọṣẹ funfun tó le dáadáa, èyí tí wọ́n bá rà fún wíwẹ òkú tí kò tán. Ó lọ tọrọ rẹ̀. Alhaja wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Sàídì, ẹja tó bá jẹ ọṣẹ òkú, ta ni yóò jẹ ẹ́?"

Ó padà sílé, ó jí ọṣẹ ìfọṣọ Mubarakah gbé. Mubarakah mọ̀. Ó ní ká ní sílípáàsì ni, òun ìbá jà, ṣùgbọ́n ọṣẹ, ó kúkú dára kí nǹkan tó ń fọ ìdọ̀tí kan ọwọ́ ọkọ òun.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ku ọ̀la kí ó kan ilé Sàídì láti gbé ìṣínu wá. Ó pe ìrun alaasari ní àkókò, gbogbo wa la gbọ́. Lẹ́yìn ìrun, ó ní òun fẹ́ lọ wo òwú lọ́jà. Òwú tó lọ wò wà ní ọ̀nà Alájùé. Ó gé ọṣẹ mọ́ ìwọ̀ ńlá, ó ju okùn sísàlẹ̀ àpáta, ó so aago mọ́ ọ̀pá, ó sì jókòó. Ó pinnu pé bí òòrùn bá ti kan orí igi àràbà òdìkejì odò, òun óò ká okùn òun, òun óò lọ. Òòrùn kan orí àràbà. Ó dìde láti ká okùn. Ìgbà náà ni aago ké.

Ọ̀ṣuntọ́lá ń ti oko bọ̀. Ó ní nígbà tí òun máa dé etí odò, ọ̀pá náà ti tẹ̀ bí ẹni dọ̀bálẹ̀, Sàídì ti wọ omi dé orúnkún, ó ń fà, wọ́n ń fà á. Ó wo òòrùn. Ó wo okùn. Ó tún wo òòrùn. Ọ̀ṣuntọ́lá ní òun kò rí kí ojú ọkùnrin dà bẹ́ẹ̀ rí, àfi ẹni tí wọ́n mú ìyàwó àti ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí wọ́n ní kí ó yan ọ̀kan.

"Gé e," ni Ọ̀ṣuntọ́lá sọ. "Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi."

Sàídì ní, "Bàbá, ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ẹ bá mi yọ fóònù lápò."

Ta ni ó pè? Najeem ni, nítorí pé Najeem ló wà nídìí màíkì. Ẹni tí yóò jèrè bí òun bá pẹ́ ni ó lọ bẹ̀. Najeem fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tí wọ́n jọ sọ fún mi, kò sì yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

"Najeem, gbé fóònù rẹ sẹ́nu màíkì. Mo fẹ́ pe ìrun."

"Bọ̀dá mi, níbo lẹ wà? Mo ń gbọ́ omi."

"Omi ni."

"Ẹja ni, àbí?"

"Ẹja ni."

"Ẹja yẹn?"

"Òun ni. Ó ń gbé mi lọ, Najeem."

Najeem ní òun rò ó wò. Màíkì wà níwájú òun, àkókò ti tó, kò sí ẹni tó máa bá òun wí bí òun bá la ẹnu pè é. Ṣùgbọ́n òun ti gbààwẹ̀ láti àárọ̀, òun sì ń ro ẹja. Ó ní, "Orí rẹ̀ ni tèmi."

"Orí rẹ̀ ni tìẹ."

Báyìí ni ó ṣe ṣẹlẹ̀ pé Ọ̀ṣuntọ́lá olórìṣà di fóònù mú sẹ́nu Sàídì létí odò Ọ̀ṣun, tí Najeem sì di tirẹ̀ mú sẹ́nu màíkì nínú yàrá kékeré ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, tí ìpè mọ̀gàríbì sì gba àárín àwọn méjèèjì kọjá.

Èmi wà nínú mọ́ṣáláṣí. N kò mọ nǹkan kan nínú èyí. Mo mú dàbínù tí mo fẹ́ fi ṣínu lọ́wọ́, mo ń dúró. Ohùn tó jáde nínú sípíkà, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Ó jìnnà, ó dà bíi pé abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. "Allahu Akbar" àkọ́kọ́ gùn, ó gbọ̀n, ó sì já láàárín bí ẹni tí wọ́n fa ẹ̀mí rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìjẹ́rìí, ó jẹ́rìí bí ẹni tí kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn mọ́. Nígbà tó ní kí a wá síbi ìrun, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ wá. Ọkùnrin náà ń pè wá bí ẹni tí omi ń gbé lọ ṣe ń pe ará ilé rẹ̀.

Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, Alhaja Àwáwù bú sẹ́kún, àwọn obìnrin tó kù sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lèmọ́mù fi etí láwàní nu ojú. Ní tèmi, mo ti ń kírun láti kékeré, n kì í fi í ṣeré, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró tí mo ń tẹ̀ tí mo ń forí kanlẹ̀ tí ọkàn mi wà lórí páànù ilé tó ń jò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn omijé bọ́ lójú mi sórí dàbínù. Mo jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ó dé. Ohun tí mo ti ń retí, ó dé.

Lẹ́yìn ìrun mọ̀gàríbì, Lèmọ́mù dìde, ó wàásù kúkúrú. Ó ní ṣé a gbọ́ ohùn arákùnrin wa? Ó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́hun nìyẹn bó bá wọ inú ọ̀fun ènìyàn. Ó ní kí gbogbo wa lọ wá irú rẹ̀. A ṣe àmín. Kò sí ẹni tó béèrè ibi tí Sàídì wà. A rò pé ó ti lọ dá sunkún ni.

Létí odò, orí gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìpè ni ó rẹ ẹja náà, tí Sàídì sì wọ́ ọ jáde sórí koríko. Ọ̀ṣuntọ́lá ní òun kàn gbọ́ tí òun náà ṣe àmín, òun kò mọ ìgbà tó bọ́ lẹ́nu òun. Sàídì fi omi inú ike ṣínu, ó kọjú sí gábásì, ó kírun tirẹ̀ sórí koríko. Ọ̀ṣuntọ́lá jókòó lé ẹja lórí títí ó fi kírun tán, kí ó má baà padà sómi.

Sàídì ti pète rẹ̀ pé òun óò gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó ṣeé ṣe kó bọ́ sí i, bí kì í bá ṣe Najeem. Najeem ti dúró ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú abọ́ ike. Bí ọ̀kadà ṣe yọ, tí ìrù ẹja ń wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó ké tantan níwájú gbogbo wa tó ń dúró de ìrun ìṣáì: "Bọ̀dá mi, ẹ má gbàgbé orí o."

Ọ̀kadà dúró. Lèmọ́mù jáde. Ó wo ẹja. Ẹja ọ̀hún, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn: nígbà tí Sàídì gbé e lé èjìká, orí rẹ̀ wà ní àyà, ìrù rẹ̀ kọjá orúnkún lẹ́yìn, irùngbọ̀n rẹ̀ sì gùn ju ti Lèmọ́mù lọ.

"Bàbá Ibtisam," ni Lèmọ́mù sọ, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "níbo lẹ ti pe ìrun?"

"Odò ni, Àlùfáà."

"Ohùn yẹn ńkọ́? Kí ló ṣe ohùn yín?"

Sàídì kàn yí èjìká díẹ̀, kí ẹja lè kọjú sí wọn.

Mo wo Lèmọ́mù, mo sì mọ ohun tó ń rò, nítorí pé òun ni èmi náà ń rò. Bí ó bá gba màíkì lọ́wọ́ Sàídì nítorí ìpè yẹn, yóò ní láti sọ fún jàmáà pé ìpè tí òun fi wàásù, ẹja ló pè é. Bí kò bá sì gbà á, ó ti kìlọ̀ níwájú gbogbo ayé.

Alhaja Àwáwù ló kọ́kọ́ rìn síwájú. Ó fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹja náà.

"Sàídì, ṣé nǹkan tí mo sunkún fún nìyí?"

"Ẹ forí jì mí, Alhaja."

"Kò burú," ni ìyá àgbà wí. "Ó tóbi tó ohun tí à ń sunkún fún."

Ẹ̀rín ṣubú lé wa. Lèmọ́mù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i tí ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó ṣèdájọ́. Ó ní òun sọ pé bí Sàídì bá pẹ́. Ìpè kò pẹ́, àkókò rẹ̀ gan-an ló wọlé, gbogbo wa la sì fi ṣínu. Màíkì ṣì jẹ́ ti Sàídì. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìwọ̀, yóò wọ yàrá tí wọ́n ń kó ẹní sí nínú mọ́ṣáláṣí, kò ní jáde títí a óò fi rí oṣù ọdún. Najeem, tó gba rìbá nídìí ìpè ìrun, kò ní jẹ orí. Orí ẹja di ti Alhaja Àwáwù, torí pé òun ló kọ́kọ́ sunkún.

Najeem gbé abọ́ ike rẹ̀ wọlé ní òfìfo.

Lọ́jọ́ kejì, Mubarakah se ẹja náà ní ọbẹ̀ ata, ó sì kárí jàmáà. Ṣùgbọ́n kí a tó jẹ ẹ́, Sàídì pe ìrun mọ̀gàríbì. Ó pè é dáadáa. Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. A kàn jókòó, a ń wo ara wa. Lẹ́yìn aṣọ ìkélé, a gbọ́ ohùn Alhaja: "Ẹ fún un ní ọ̀pá rẹ̀ padà."

Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹkún tí mo sun, ta ni mo sun ún fún? Bí Ọlọ́hun bá ti ní ohun tó fẹ́ fi kàn mí lára lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ṣé ẹja àrọ̀ tó gbé ọṣẹ mì ni Ó máa gbà kọjá? Mo bi Sàídì nígbà tí a ń fọ ọwọ́, mo ní ṣé kò ń ṣe é bí ẹni pé ó tàn wá jẹ.

Ó ronú sí i. "Nígbà tí ẹja yẹn ń fà mí," ó ní, "mo ń bẹ Ọlọ́hun kí okùn má já, kí ìrun má sì bọ́ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tó wà lẹ́nu ìpè yẹn, mo ń fi ara mi sọ ọ́ ni. Ìgbà wo ni mo ti bẹ̀ Ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí? Àwọn èyí tí mo ń pè láti ọjọ́ yìí, tí ọkàn mi wà lódò, ìyẹn gan-an ni mo fi ń tàn yín jẹ."

Mo bu omi sí i lọ́wọ́.

Láti ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ìpè rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná díẹ̀. Kò tó ti ọjọ́ ẹja, ṣùgbọ́n ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo yọjú wò ó nídìí màíkì nírọ̀lẹ́ kan. Ó ti so okùn ìwọ̀ mọ́ irin fèrèsé, ó ká a mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fà á bó ṣe ń pè. Fèrèsé náà ń dún kẹ̀ẹ́kẹ̀ẹ́. Nígbà tí mo yíjú padà, Lèmọ́mù wà lẹ́yìn mi, òun náà ti rí i. Ó wo fèrèsé, ó wò mí, ó sì lọ ṣe àlùwàlá rẹ̀.

Èmi náà padà sí sàfù mi. Mo ṣì ń dúró, mo ń tẹ̀, mo ń forí kanlẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, n kì í gbọ́ kí nǹkan kan fa okùn ní òdìkejì. Ọjọ́ kan wà tó fà á, n kò sì lè bá ara mi jiyàn pé kò fà á, ohun yòówù kó wà lẹ́nu ìwọ̀.

Ẹja náà dùn. Ìrù rẹ̀ ni wọ́n bù fún mi.